Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwọn Ìyá Tó Ń Fún Ọmọ Lọ́mú

Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ìyá ìkókó ṣiṣẹ́, mi ò tíì rí ọ̀kan nínú wọn tí kò mọ̀ pé omi ọmú dára fún ọmọ. Wọ́n ti gbọ́ ọ ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti kà á lára ògiri, ẹbí àti ọ̀rẹ́ sì ti sọ ọ́ fún wọn títí ọ̀rọ̀ náà fi sú àwọn mìíràn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ni ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n nígbà tí ọmọ bá ń ké, tí ọmú ń dùn wọ́n, tí gbogbo ilé sì ti sùn. Ó dá mi lójú pé bí ọ̀pọ̀ ìyá ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú ṣáájú ìgbà tí àwọn fúnra wọn fẹ́, àìrí ẹni dúró tì wọ́n ló ń fà á ju àìmọ̀ lọ. Ìdí tí mo fi ń kọ ìrírí mi sílẹ̀ nìyí.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá àgbà kan tó ń gbé nítòsí ló ràn mí lọ́wọ́ jù lọ. Ó ti tọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ dàgbà, ó sì ti gba ẹ̀kọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí nípa bí a ṣe ń ran ìyá ọlọ́mọ tuntun lọ́wọ́. Orí ọmú mi ti bó nígbà náà. Bí ọmọ bá ti ń wá ọmú ni èmi náà ti ń di eyín mọ́ra. Ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìyá àgbà náà kí mi kú ewu ọmọ, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fa àga sún mọ́ ibùsùn mi, ó sì ní, “Ìyá ọmọ, fún un lọ́mú bí o ṣe máa ń fún un, kí n kàn máa wò ó.” Kò sọ ohunkóhun títí ọmọ fi fi ọmú sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wo orí ọmú náà, ó rí i pé ó ti tẹ́ lápá kan, ṣóńṣó rẹ̀ sì ti funfun. Ó ní ìyẹn ti sọ ohun tí òun fẹ́ mọ̀ fún òun: orí ọmú nìkan ni ọmọ ń fà, kò gba ọmú náà sẹ́nu dáadáa.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà kò gba àkókò púpọ̀. Ó ní kí n fẹ̀yìn ti, kí n yé tẹ̀ ba lé ọmọ lórí, kí n gbé ọmọ wá bá ọmú dípò kí n máa gbé ọmú lọ bá ọmọ. Ó ní kí ikùn ọmọ kọjú sí ikùn mi, kí etí rẹ̀, èjìká rẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀ tò lé ara wọn láìlọ́, kí imú rẹ̀ sì wà ní ọ̀kánkán orí ọmú. A dúró. Nígbà tí ọmọ ya ẹnu gbàgà, ó ní, “Ó yá, fà á mọ́ra.” Àgbọ̀n ọmọ kan ọmú, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ yí síta, awọ dúdú tó yí orí ọmú ká sì hàn lókè ètè rẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Ìrora náà rọlẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí ọmọ ṣe ń gbé omi mì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì yọ jáde roboto.

Nígbà tí èmi náà dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ń ran ara wọn lọ́wọ́, tí mo sì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, mo rí i pé ohun tí ìyá àgbà náà ṣe gan-an ni olùkọ́ wa ń tẹnu mọ́: ẹ wo bí ọmọ ṣe ń mu ọmú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó lanu sọ̀rọ̀. Ó ṣòro ju bí a ṣe ń rò lọ. Ẹni tó bá ti mọ nǹkan á fẹ́ sọ ọ́, ọwọ́ á sì máa yún un láti di orí ọmọ mú, kí ó tì í mọ́ ọmú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá ń ti orí rẹ̀ mọ́ ọmú sábà máa ń tako ẹni tó ń tì í, á máa ta ara rẹ̀ sẹ́yìn, ìyá á sì gbà pé ọmọ òun kò fẹ́ òun. Nítorí náà, a máa ń gbàṣẹ kí a tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a sì ń fi ọmọláńgidi ṣàpèjúwe lára tiwa, kí ìyá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ohun tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́sàn-án ni yóò lè ṣe lóru nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ yìí kọjá inú rere lásán, ó kan bí omi ọmú ṣe ń ṣàn gan-an. Họ́mọ̀nù méjì, ìyẹn èròjà tí ara ń ṣe láti darí iṣẹ́ inú ara, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Prolactin ló ń mú kí ọmú ṣe omi, ó sì máa ń pọ̀ sí i lára ìyá lóru, èyí ló fà á tí fífún ọmọ lọ́mú lóru fi ṣe pàtàkì ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Oxytocin ló ń mú kí omi náà tú jáde nígbà tí ọmọ bá ń fà á. Èyí èkejì ni ìrora, ẹ̀rù, ìtìjú àti ìbínú lè dá dúró fún ìgbà díẹ̀. Mo ti rí ìyá tí ọmú rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, tí ẹ̀kán omi kan kò sì jáde níbẹ̀, nítorí pé ẹnìkan dúró lé e lórí tó ń sọ pé ebi ló ń fi pa ọmọ. Nígbà tí ẹni náà bọ́ síta, tí a gbé omi mímu fún ìyá, tí a ki ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, tí a sì gbé ọmọ lé e láyà láìsí aṣọ láàárín wọn, omi ọmú ti ń kán kí ọmọ tó gbé ẹnu lé e.

Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn máa ń pọ̀ jù. Omi ọmú tó kọ́kọ́ ń jáde nípọn, ó pọ́n rúsúrúsú, kò sì pọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ọmú náà gbẹ, tàbí pé omi rẹ̀ ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba yẹn ni ikùn kékeré ọmọ tuntun lè gbà, ó sì kún fún àwọn èròjà tó ń gbógun ti àìsàn. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni ọmú sábà máa ń kún dáadáa, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó bí àkọ́bí tàbí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí ó tó bímọ. Bí ó bá wá kún, ó lè le gbagidi tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò ní rí i gbà sẹ́nu. Kí ìyá kọ́kọ́ fi ọwọ́ fún omi díẹ̀ jáde kí awọ dúdú náà lè rọ̀, ìyẹn ti tó.

Gbólóhùn tí mo gbọ́ jù lọ ni, “Omi ọmú mi kò tó.” Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń pè wá, nígbà tí ọmọ bá ń mu, tó ń fi sílẹ̀, tó ń ké, tó tún ń wá a fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Mi ò kì í dá wọn lóhùn pé ó tó, kí wọ́n má ṣàníyàn, nítorí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Ńṣe la jọ máa ń wá ẹ̀rí. Ìledìí mélòó ni ọmọ tọ̀ sí láti àárọ̀ àná? Bí ọmọ bá ti kọjá ọjọ́ 5, tó ń tọ̀ ní ìgbà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24, tí ìtọ̀ náà mọ́, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ti kúrò ní dúdú, tó ti di èyí tó rọ̀ tó sì pọ́n rúsúrúsú, oúnjẹ ń wọlé nìyẹn. Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Ìwọ̀n ọmọ tuntun máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì máa ń padà sí ìwọ̀n ọjọ́ ìbí wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ tó ń mu léraléra ní ìrọ̀lẹ́ ń ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, nítorí bí a bá ṣe ń fa ọmú sí ni ara ṣe ń pèsè omi sí. Bí wọ́n bá wá fún un ní ìgò mílíìkì kan kí ilé lè pa rọ́rọ́, ọmọ á sùn, ọmú á kún láìsí ẹni tó fà á, ara á sì gbà pé omi tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kejì omi á dín díẹ̀, ìgò á di méjì. Báyìí ni omi tó tó tẹ́lẹ̀ ṣe ń di èyí tí kò tó ní tòótọ́, tí ìyá á sì máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn ìyá kan wà tí omi ọmú wọn kò tó lóòótọ́, bóyá nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe sí ọmú wọn rí, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ya lára wọn jù nígbà ìbí, tàbí àìsàn kan tó kan họ́mọ̀nù. Ẹgbẹ́ tí kò bá gba èyí gbọ́ léwu púpọ̀. Ọmọ tó ń sùn ju kó jí mu ọmú lọ, tí ìledìí rẹ̀ gbẹ, tí ojú àti awọ rẹ̀ ń pọ́n rúsúrúsú sí i, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ṣáá, ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tí ọmú rẹ̀ pọ́n, tó le lójú kan, tí ibà sì mú un. Iṣẹ́ wa nígbà bẹ́ẹ̀ ni láti wá ọkọ̀, ká bá a gbé ọmọ, ká sì bá a jókòó níbi tó ti ń dúró de dókítà.

Mo rántí ilé kan tí ìyá ọkọ ti ra mílíìkì inú agolo sílẹ̀, tó sì gbé e sórí tábìlì níbi tí ìyá ọmọ ti ń rí i ní gbogbo ìgbà tó bá jókòó láti fún ọmọ lọ́mú. Ìyá ọkọ náà kò ní ìkà lọ́kàn. Òun náà kò sùn, òun ló ń gbé ọmọ kiri inú ilé lóru, igbe ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń dùn ún. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ tó tàbùkù sí i níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ìyá ọmọ ni mo ba ilé jẹ́ fún, nítorí èmi yóò lọ, àwọn ni wọn yóò jọ máa gbé. Mo kí i pé, “Ẹ kú wàhálà ọmọ, Màmá. Ẹ óò jèrè rẹ̀ o.” Mo wá bi í pé báwo ni òun ṣe fún àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ́mú. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé omi ọmú òun kò lágbára, pé kí òun máa fi omi lásán kún un fún ọmọ, àti pé òun sunkún gidigidi nígbà tí ọmú náà gbẹ. Kò sí ẹni tó tíì bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe iṣẹ́ kan. Ẹ bá wa máa kọ iye ìgbà tí ọmọ bá tọ̀ sílẹ̀ di ọ̀la.” Nígbà tí mo padà dé, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ sọ fún mi pé, “Ó tọ̀ dáadáa o, ọmọ mi. Oúnjẹ ń wọlé.” Láti ìgbà náà, òun ló ń dá àwọn àlejò tó bá ń sọ̀rọ̀ ìgò lóhùn. Òun náà ló ń sọ fún wọn pé Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ní kí ọmọ máa mu omi ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, láìfi omi lásán kún un, lẹ́yìn náà kí ó máa jẹ oúnjẹ mìíràn pẹ̀lú ọmú títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àlejò tó wá gbé ọmọ mọ́ra ṣeun, ṣùgbọ́n ẹni tó fọ abọ́ ló ran ìyá lọ́wọ́ jù. Mi ò fi bọpo bọyọ̀. Ọmọ tuntun máa ń mu ọmú ní ìgbà 8 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru, ìjókòó kọ̀ọ̀kan sì lè tó ìdajì wákàtí. Iṣẹ́ tí kò sí ẹlòmíràn tó lè bá ìyá ṣe nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo iṣẹ́ yòókù nínú ilé ni ẹlòmíràn lè ṣe. Nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í béèrè pé, “Kí ni ká bá yín ṣe?” Ìyá tó ti rẹ̀ kì í rí èsì fọ̀ sí i, á ní kò sí nǹkan kan, ẹ ṣeun. Ohun tí a fẹ́ ṣe la máa ń sọ, pẹ̀lú àkókò tí a ó dé: “Mo ń bọ̀ lọ́la láti fọ aṣọ. Màá mú ẹ̀gbọ́n ọmọ jáde fún wákàtí kan kí ẹ lè sùn.” Àwọn ọkọ náà máa ń wúlò gan-an bí a bá fi iṣẹ́ pàtó lé wọn lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé ìgò nìkan ni ọ̀nà tí bàbá lè gbà tọ́jú ìkókó. Bàbá lè gbé ọmọ wá fún ìyá rẹ̀ lóru, kó pààrọ̀ ìledìí, kó fi ọmọ lé àyà títí yóò fi gùnfẹ̀, kó sì sọ fún àlejò pé ìyá ọmọ ń sinmi.

Àwọn mìíràn ti rí i tipẹ́ ṣáájú wa pé ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú nílò ẹni tí yóò dúró tì í. Ní ọdún 1956, àwọn ìyá 7 ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ La Leche League sílẹ̀, ní àkókò tí mílíìkì inú agolo gbòde kan níbẹ̀, kí ìyá lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1989, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé ìgbésẹ̀ 10 jáde fún àwọn ilé ìwòsàn, ìkẹwàá nínú wọn sì ni pé kí wọ́n ṣètìlẹ́yìn fún dídá ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì darí ìyá síbẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sílé. Àkójọ ìwádìí tí Cochrane, àjọ tó ń ṣàkójọ ìwádìí nípa ìlera, gbé jáde ní ọdún 2017 náà fi hàn pé àwọn ìyá tó rí àfikún ìrànlọ́wọ́ gbà máa ń fún ọmọ lọ́mú pẹ́ ju àwọn tí kò rí i lọ, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ló ṣe é tàbí ará àdúgbò tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó sì tún sọ pé ìrànlọ́wọ́ tó lọ déédéé, tí ìyá mọ ìgbà tí yóò dé, dára ju èyí tó ń dúró de kí ìyá wá a wá. Èmi kà á, mo sì rántí gbogbo àwọn tó ti sọ fún mi pé, “Mo fẹ́ pè yín, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dà yín láàmú.”

Ohun kan wà tí a kì í fi falẹ̀ rárá: a kì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta mílíìkì ọmọdé, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wa. Ìlànà àgbáyé tí Àpéjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981 sọ pé kí wọ́n má ṣe polówó ohun tí wọ́n fi ń dípò omi ọmú fún gbogbo ènìyàn, kí wọ́n má sì fún ìyá ní èyí tí yóò fi dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́. Agolo ọ̀fẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tí ọkàn ìyá kò tíì balẹ̀ lè ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́.

Ìgbà tí ìyá bá fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ìrànlọ́wọ́ máa ń dópin, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ló tún nílò wa. Àdéhùn 183 ti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2000, ní kí ìyá gba ìsinmi tí kò dín ní ọ̀sẹ̀ 14, àti pé kí àkókò tó bá fi ń fún ọmọ lọ́mú wà lára àkókò iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló fọwọ́ sí i. A máa ń bá ìyá kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tó máa wọlé, ká lè béèrè yàrá mímọ́ kan tó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, tó ní àga, tí kì í sì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń pèsè oúnjẹ ara rẹ̀ níbẹ̀. A máa ń fi bí a ṣe ń fún omi ọmú sínú ife hàn án nígbà tó ṣì wà nílé. Omi ọmú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lè wà fún wákàtí 4 nínú yàrá tí kò gbóná ju ìwọ̀n 25 Celsius lọ, ó sì lè wà fún ọjọ́ 4 nínú fíríìjì. Ẹni tó máa tọ́jú ọmọ nílé náà gbọ́dọ̀ wà níjokòó lọ́jọ́ tí a bá ń kọ́ ọ, kí ó lè mọ bí a ṣe ń fi ife kékeré fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan máa ń dáwọ́ dúró. Àwọn kan ń da ọmú pọ̀ mọ́ ìgò, àwọn kan kò lè fún ọmọ lọ́mú rárá. A kì í yọ orúkọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwé wa. A ṣì ń lọ bá a fọ aṣọ, a sì ń kọ́ ọ bí a ṣe ń po mílíìkì náà ní mímọ́ tónítóní, pẹ̀lú ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo. A tún máa ń fara balẹ̀ wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí, nítorí ìbànújẹ́ tí kò lọ lẹ́yìn ìbí jẹ́ àìsàn tó ní ìtọ́jú, ó sì lè mú ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú àti ẹni tí kò fún un. Ìyá kan tó fi ìgò tọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń ṣètò ìbẹ̀wò ẹgbẹ́ wa báyìí. Òun ló ń gba orúkọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òun ló sì ń pín wa sí ilé kọ̀ọ̀kan, kò sì jẹ́ kí ìyá kankan lo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ láìrí ẹnìkan nínú wa.